Kí Òtútù Tó Dé: Bí Ẹ Ó Ṣe Múra Bọ́ílà Ilé Yín Sílẹ̀ Ní Ìlú Ọba

Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti tan híítà ilé yín wò, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rántí kóòtù. Bí ẹ bá dúró di àárọ̀ tí yìnyín bo gíláàsì mọ́tò, gbogbo àdúgbò ni yóò máa wá ẹnjiníà lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó bá sì rí i láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, orí ló bá a ṣe é. Lóṣù Kẹsàn-án, ẹnjiníà yẹn kan náà á bi yín pé ọjọ́ wo ló wù yín, ẹ sì lè bá a nájà díẹ̀.

Ohun tó máa ń tan àwa ènìyàn jẹ ni omi ìwẹ̀. Jálẹ̀ ìgbà ooru, omi gbígbóná ń ya nílé ìwẹ̀, a wá gbà pé bọ́ílà ò ní ìṣòro. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ omi ìwẹ̀, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ rédíétọ̀. Nínú combi, ìyẹn bọ́ílà ara ògiri tí kò ní táńkì, tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa báyìí, fáàfù kan ló ń pín ooru: ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, á darí ooru síbẹ̀, ẹ tan híítà, á yí i sí ọ̀nà rédíétọ̀. Bí fáàfù yẹn bá ti dúró lójú kan láti oṣù Karùn-ún, ó lè gan síbẹ̀. Ẹni tó bá ń tan híítà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ooru kì í sábà rí irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ fúláàtì tí wọ́n ti ń pín ooru láti ibì kan ṣoṣo fún gbogbo ilé gogoro ni ẹ ń gbé, àpótí tó wà lára ògiri yín kì í ṣe bọ́ílà. Àwọn tó ń ṣàkóso ilé ni kí ẹ pè bí kò bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ṣì kàn yín, ìyókù kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ

Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ìdérí bọ́ílà, páìpù gáàsì, àti páìpù èéfín tó gba inú ògiri jáde síta, iṣẹ́ ẹni tó wà nínú ìwé Gas Safe ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tí òfin gbà láyè láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ gáàsì. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Gas Safe ló gba ipò CORGI, àkọsílẹ̀ àtijọ́, ní 2009, nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń fi káàdì CORGI hàn yín lónìí, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Káàdì Gas Safe ní fọ́tò àti nọ́ńbà ẹni náà níwájú. Ẹ yí i sẹ́yìn: ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí, torí ẹlòmíràn lè ní àṣẹ lórí kúkà kó má ní lórí bọ́ílà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn wádìí rẹ̀ lórí ìkànnì Gas Safe kí ó tó tú nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé bùrọ̀dá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó "mọ gbogbo ẹ̀", tó sì máa gba ìdajì owó. Ẹ jẹ́ kó bá yín kun ilé, kó bá yín to táìlì. Bí kò bá ní káàdì, kó má dé ìdí gáàsì. Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn inṣọ́ránsì máa bi yín ni pé ta ló fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá ń yá ilé gbé, iṣẹ́ onílé ni láti jẹ́ kí ẹni Gas Safe wá yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Òun náà ni òfin ọdún 1985 lórí onílé àti ayálégbé gbé àtúnṣe híítà àti omi gbígbóná lé lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má fi owó ara yín pe ẹnjiníà kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ímeèlì, ẹ fi fọ́tò ojú bọ́ílà sí i, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù kì í ṣẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún fiyè sí èyí: àyẹ̀wò ọdọọdún yẹn ń wò bóyá ẹ̀rọ náà lè pa ènìyàn lára ni. Kì í ṣe service, ìyẹn ìtọ́jú inú bọ́ílà. Bọ́ílà lè gba ìwé yẹn lọ́dọọdún kí inú rẹ̀ sì kún fún ìdọ̀tí.

Ẹ tàn án

Ẹ gbé thermostat inú ilé, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń yan ìwọ̀n ooru ilé, sókè kọjá bí ilé ṣe gbóná tó, títí ẹ ó fi gbọ́ tí bọ́ílà bá ṣáná. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá máa fọwọ́ kan rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

Èyí tó gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè mú un kúrò. Èyí tó gbóná lókè tó tutù nísàlẹ̀, pàápàá láàárín, ẹrẹ̀ dúdú ló ti sùn síbẹ̀, ẹnjiníà ló máa fọ̀ ọ́. Èyí tó tutù látòkè délẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń jó ni lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí fáàfù ara rẹ̀ ti gan. Bí gbogbo wọn bá tutù, tí omi ìwẹ̀ sì gbóná, ẹ fura sí fáàfù apínooru tí mo sọ lókè. Bí rédíétọ̀ bá wá ń gbóná nígbà tí ẹ kò tan híítà, tó jẹ́ pé omi ìwẹ̀ nìkan lẹ ṣí, fáàfù kan náà ni.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti wo aago ètò híítà. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni aago máa ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, aago ara bọ́ílà àtijọ́ kì í sì í yí ara rẹ̀ padà. Bátìrì thermostat tí kì í lo wáyà náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ "bọ́ílà tó bàjẹ́" ni kò ju bátìrì méjì lọ.

Pressure

Ẹ pa híítà, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó wo géèjì tó wà níwájú tàbí lábẹ́ bọ́ílà, tó ń fi pressure hàn, ìyẹn agbára tí omi inú rẹ̀ fi ń tì. Nígbà tó bá tutù, láàárín 1 sí 1.5 bar ló yẹ kí ó wà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó lè gòkè dé nǹkan bíi 2, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, omi gbígbóná máa ń fẹ̀ ni. Lábẹ́ 1, ọ̀pọ̀ bọ́ílà á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, òmíràn ò tiẹ̀ ní ṣáná mọ́.

Láti fi omi kún un, ẹ wá páìpù kékeré tó ní àwọ̀ fàdákà, tí wọ́n hun bí irun dídì, lábẹ́ bọ́ílà. Fáàfù kékeré kan wà ní etí rẹ̀ lọ́tùn-ún, òmíràn lósì. Ẹ ṣí àkọ́kọ́ tán, kí ẹ wá ṣí èkejì díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò gbọ́ tí omi ń ṣàn wọlé. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára géèjì. Ó lè sáré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá ti dé 1.3 tàbí 1.5, ẹ ti méjèèjì pa dáadáa. Àwọn bọ́ílà kan ń lo kọ́kọ́rọ́ oníke tàbí ọwọ́ kan ṣoṣo tí a ń fà, ìwé ìlànà rẹ̀ á sọ fún yín. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára bọ́ílà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń bu omi kún un, omi ń jò níbì kan, tàbí kó jẹ́ pé agolo afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ fún omi tó ń fẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má kàn máa bu omi sí i lọ. Omi tuntun gbé afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú kí irin rédíétọ̀ dípẹtà láti inú, ìpẹtà náà ló ń di ẹrẹ̀ dúdú tí mo mẹ́nu bà. Ẹ jáde síta, ẹ wo páìpù bàbà kékeré tó yọ orí láti ara ògiri lẹ́yìn bọ́ílà, tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ tàbí tó yí padà sára ògiri. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, fáàfù ààbò ló ń tú u jáde. Bí pressure bá dé 3 bar ló yẹ kí ó ṣí. Bí ó bá ń kán láìnídìí, ẹnjiníà ni kí ẹ pè.

Afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀

Kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ kò wọ́n, gbogbo ilé ìtajà irinṣẹ́ ló ní i. Ẹ pa híítà, kó tutù, nítorí omi tó wà nínú rẹ̀ lè bó yín lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé, kí ẹ tó gun òkè. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà sórí ìṣó kékeré tó wà lókè létí rédíétọ̀, ẹ fi àkísà sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe táwẹ̀lì funfun tí ẹ gbé fún àlejò, torí omi tó máa jáde lè dúdú bí oje ẹ̀wà tó jóná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ náà sósì díẹ̀, ìdajì yíyí tó. Afẹ́fẹ́ á máa súfèé jáde. Bó bá dákẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹ tì í. Ẹ má yọ ìṣó náà kúrò pátápátá o, ẹ kò ní rí i dá padà bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ padà lọ wo géèjì, torí afẹ́fẹ́ tó jáde ti mú pressure wálẹ̀.

Fún rédíétọ̀ tó tutù látòkè délẹ̀, ẹ wo orí ike tó ní nọ́ńbà 1 sí 5. Ẹ ṣí i dé nọ́ńbà tó ga jù, kí ẹ tú ike náà. Abẹ́rẹ́ irin kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: ó yẹ kí ó wọlé díẹ̀ kí ó sì ta padà sókè. Bó bá ti gan, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa fi sílẹ̀, títí yóò fi rọ̀. Ẹ má fi púláyà fà á rárá. Bí ó bá já jáde, omi á tẹ̀lé e, kápẹ́ẹ̀tì yín á sì sọ ìtàn.

Ẹ sún sófà kúrò níwájú rédíétọ̀. Aṣọ tí ẹ ń sá sórí rẹ̀ náà, mo mọ̀ pé kò sí oòrùn níta, ṣùgbọ́n omi inú aṣọ yẹn ló ń lọ sára ògiri tó ń di ibu dúdú tí ẹ ń fi blíìṣì fọ̀ lóṣù Kejì. Bó bá di dandan, ẹ ṣí fèrèsé yàrá yẹn díẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìwọ̀n ooru, ibi tí owó ń gbà jò

Láti 2005 ni òfin ti jẹ́ kí irú bọ́ílà tí wọ́n ń pè ní condensing di dandan nínú ọ̀pọ̀ ilé ní England. Èéfín gáàsì ní oruku omi nínú, bí èyí tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù tó ń hó. Bí omi tó ń ti rédíétọ̀ padà bá tutù tó, nǹkan bíi 55°C tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, oruku yẹn á di omi nínú bọ́ílà, á sì dá ooru tó gbé lọ́wọ́ padà fún yín. Bí omi náà bá padà wá ní gbígbóná jù, oruku á gba ihò èéfín lọ, owó yín á bá a lọ. Ọ̀pọ̀ bọ́ílà ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní 75°C tàbí 80°C, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí ó bá jẹ́ combi ni, ẹ yí bọ́tìnnì tó ní àwòrán rédíétọ̀ sí 60°C. Kì í ṣe èyí tó ní àwòrán ẹ̀rọ omi. Rédíétọ̀ kò ní jó yín lọ́wọ́ mọ́, ilé á sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó móoru, nítorí náà ẹ tètè tan híítà ní bí ìdajì wákàtí ṣáájú ìgbà tí ẹ máa ń tàn án. Bí òtútù bá wá le gan-an tí ilé ò móoru, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Ẹni tó bá ní sílíńdà omi nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ ṣe èyí bẹ́ẹ̀ yẹn: omi tó jókòó sínú sílíńdà gbọ́dọ̀ dé 60°C kí Legionella, kòkòrò tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, má baà rí ibi gbé, bọ́ílà sì ní láti gbóná ju ìyẹn lọ kó tó lè gbé e débẹ̀. Ẹ bi ẹnjiníà yín.

Ní ti thermostat ògiri, 18°C ni ìwọ̀n tí àwọn elétò ìlera ń dá lábàá, ó kéré tán, fún ilé tí àgbàlagbà tàbí aláìlera ń gbé. Bí màmá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé fún ọmúgọ̀, ẹ gbé e sí 20 tàbí 21, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sùn pẹ̀lú ìborùn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí i sí 30 kí ilé lè yára móoru ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Thermostat ń sọ ibi tí híítà máa dúró, kì í sọ bí yóò ṣe yára tó.

Páìpù funfun tó wà níta

Ó yẹ kí omi tí mo ní oruku máa ń dà yẹn rí ibì kan gbà jáde. Páìpù oníke tín-ín-rín kan, funfun lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń gbé e lọ sí gọ́tà. Bí páìpù yìí bá gba ìta kọjá, òun ni ọ̀tá yín ní àárọ̀ ọjọ́ tí òtútù bá lọ sábẹ́ òdo. Omi inú rẹ̀ á dì, kò ní rí ọ̀nà jáde, á dá padà sínú bọ́ílà, bọ́ílà á sì pa ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n rèé: yìnyín wà nílẹ̀, bọ́ílà ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná, ó kọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ sì ń gbọ́ ìró gbọ̀lọ́gbọ̀lọ́ nínú rẹ̀. Lójú rẹ̀, Worcester Bosch lè kọ EA, Vaillant lè kọ F28. Àmì méjèèjì túmọ̀ sí pé iná kò ràn, ohun mìíràn sì lè fà á, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìnyín, páìpù funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ dájọ́ fún.

Ẹ wọ bàtà tí kò yọ̀, ẹ jáde. Ẹ máa fọwọ́ kan páìpù náà láti ibi tó ti yọ lára ògiri títí dé gọ́tà. Ibi tó bá ti ṣẹ́ kọ́ńbà, tàbí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ló sábà máa ń dì. Nígbà míì, yìnyín á ti gùn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìka. Ẹ gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ jáde nínú agolo ìbomirin, kí ẹ máa dà á sórí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, omi kẹ́tùlù kọ́ o," lọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fáwọn àgbà àdúgbò, torí omi híhó lè la páìpù oníke náà sí méjì, tí ó bá sì dà sílẹ̀, á tún di yìnyín tí yóò gbé ẹlòmíràn ṣubú. Rọ́bà omi gbígbóná tí ẹ fi ń sùn, bí ẹ bá dì í mọ́ kọ́ńbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ óò gbọ́ tí omi bá ya wọ inú gọ́tà lójijì. Ẹ wọlé, ẹ tẹ bọ́tìnnì reset. Bí páìpù náà bá ga ju ibi tí ẹ lè nawọ́ dé láti ilẹ̀, ẹ má gun àkàbà lórí yìnyín. Ẹ pe ẹnjiníà.

Nísinsìnyí tí yìnyín ò tíì dé ni kí ẹ ti ra fóòmù páìpù, irú èyí tí omi kì í wọ̀, kí ẹ sì fi bo gbogbo ibi tí páìpù náà gbà níta. Ẹ fi téèpù dì í níbi kọ́ńbà. Páìpù tó wà níta ò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù, 32 mm ni wọ́n ń fẹ́. Bí tiyín bá jẹ́ 21.5 mm, tó sì ń dì lọ́dọọdún, ẹ ní kí ẹnjiníà pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá wá ṣe service. Dídarí rẹ̀ sínú ilé, sí páìpù abẹ́ síǹkì, ló dára jù bí àyè bá wà.

Service gan-an

Ẹni tó bá ṣe é dáadáa á yẹ inú bọ́ílà wò bí ìwé ìlànà rẹ̀ ṣe wí, á fi ẹ̀rọ kékeré wọn èéfín tó ń jáde, á fọ ibi tí omi oruku ń gbá jọ sí, á sì ṣí àsẹ́ olóòfà, bí ẹ bá ní in, kí ó fọ ẹrẹ̀ dúdú ara rẹ̀ dànù. Ẹ dúró tì í, ẹ ní kó fi ẹrẹ̀ yẹn hàn yín. Bí ẹnì kan bá wọlé, tó wo géèjì, tó kọ ìwé tó sì ń béèrè owó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ṣe service kankan fún yín. Kó kọ ọ́ sínú ìwé Benchmark tó bá bọ́ílà wá, nítorí bí service ọdún kan bá fò, ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ílà lè sọ pé wàráńtì ti parí.

Ẹ bi í léèrè bóyá oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ṣì wà nínú omi rédíétọ̀. Ẹ̀yin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè gúúsù-ìlà-oòrùn, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín: èèpá funfun yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú bọ́ílà níbi tó ti ń sè omi ìwẹ̀, ẹ sọ fún un.

Afẹ́fẹ́ tí kò lóòórùn

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí orí bá ń fọ́ni, tí ara wúwo, tí inú ń rú, ibà la kọ́kọ́ máa ń pè é. Nínú ilé tó ń lo gáàsì nígbà òtútù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé gbogbo ará ilé ló ń ṣe bákan náà? Ṣé ara máa ń yá bí ẹ bá jáde lọ síbi iṣẹ́? Ṣé ara kò gbóná bó ṣe yẹ kí ara oníbà gbóná? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná gáàsì tí kò jó dáadáa ń tú jáde, lè wà nínú ilé. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ pe 0800 111 999. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Ní Northern Ireland, 0800 002 001 ni. Bí ẹnì kan bá ti dákú, 999.

Nọ́ńbà kan náà ni fún òórùn gáàsì. Ẹ ti ọwọ́ tó wà lára mítà gáàsì kí ó dábùú páìpù, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á, ìta ni kí ẹ ti pe fóònù.

Ẹ ra aláàmù carbon monoxide tó ní àmì BS EN 50291 lára. Ẹ fi sínú yàrá tí bọ́ílà wà, mítà 1 sí 3 sí i, lókè, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ kó àpò ìrẹsì sí. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lóṣooṣù kó ké. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Aláàmù tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ní England, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2022, onílé ló ní láti fi í sí yàrá tí ènìyàn ń lò tí bọ́ílà gáàsì bá wà níbẹ̀.

Ẹ má ti ihò afẹ́fẹ́ ara ògiri pa nítorí atẹ́gùn. Bí bọ́ílà bá sì kọ̀ láàárín òtútù, ẹ má tan ófùnnù kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ilé lè móoru, ẹ má sì gbé ẹyin iná èédú wọ pálọ̀, ì báà jẹ́ ti súyà tó ṣẹ́kù. Èédú ń tú carbon monoxide púpọ̀ jáde títí tó fi máa kú. Híítà iná mànàmáná olóìlì ni kí ẹ lò, kí ẹ fi wáyà rẹ̀ sínú ihò iná ara ògiri tààrà, kì í ṣe inú ẹ̀kútẹ́ńṣọ̀n.

Ilé tí àgbàlagbà, aláìlera tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì fún yín. Kò gba owó.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésì

Èyí ló kàn wá ju ọmọ onílẹ̀ lọ. Ilé á ṣófo láti àárín oṣù Kejìlá títí oṣù Kìíní á fi dà sẹ́yìn, ìgbà tí òtútù sì le jù náà nìyẹn. Ìwà wa ni pé ká tó jáde, a ó yọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri, a ó pa gbogbo ṣíwíìṣì. Bọ́ílà ní ètò tó ń tan ara rẹ̀ bí òtútù bá fẹ́ dì í, ṣùgbọ́n ètò yẹn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná àti gáàsì. Ẹ fi ṣíwíìṣì bọ́ílà sílẹ̀ ní títàn.

Ètò yẹn bọ́ílà nìkan ló ń dáàbò bò, kì í ṣe páìpù òkè àjà. Nítorí náà ẹ ṣètò thermostat sí nǹkan bíi 15°C, tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn òkè àjà sílẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè gba ibẹ̀ gòkè. Ẹ ka ìwé inṣọ́ránsì kí ẹ tó pinnu nọ́ńbà náà. Àwọn kan á sọ ìwọ̀n ooru tí ilé gbọ́dọ̀ wà, àwọn mìíràn á sọ iye ọjọ́ tí ilé lè fi ṣófo, 30 lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, kí wọ́n tó yọwọ́ nínú omi tó bá ti páìpù bíbẹ́ dà.

Ẹ̀yin tó ń lo mítà tí a ń sanwó sí ṣáájú, ẹ rántí pé owó ojoojúmọ́ rẹ̀ ń lọ bí ẹ ò tilẹ̀ lo gáàsì. Ẹ ṣírò ọjọ́, kí ẹ fi lé e.

Ẹ wá táàpù ńlá tó ń pa gbogbo omi ilé, abẹ́ síǹkì ìdáná ló sábà máa ń wà. Ẹ yí i sọ́tùn-ún wò bóyá ó ṣì ń yí. Nínú ilé tó ń lo combi, ẹ lè tì í pa kí ẹ tó jáde. Omi tó ń yí kiri inú rédíétọ̀ wà lọ́tọ̀, híítà á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ilé yín bá ní táńkì lókè àjà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà kí ẹ tó tì í.

Thermostat orí fóònù wúlò níbí, ẹ lè jókòó sí Ìbàdàn kí ẹ máa wo bí pálọ̀ yín ní Woolwich ṣe gbóná tó, bí ẹ kò bá ṣáà ti yọ router lára ògiri. Síbẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò kan. Ẹ mú un dé iwájú bọ́ílà, ẹ fi géèjì hàn án, ẹ fi táàpù ńlá hàn án, ẹ lẹ nọ́ńbà ẹnjiníà mọ́ ara ìdérí.

Bí ẹ bá dé, ẹ ṣí táàpù ńlá díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ògiri àti òkè àjà bóyá omi ń tú níbì kan. Ẹ wo géèjì. Kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ti gbígbóná àti tútù, kó ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ti ṣáwà, ẹ fi orí rẹ̀ sínú báfù kó má baà máa fọ́n sókè, kí ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀ títí omi tó ti jókòó sínú páìpù láti oṣù Kejìlá yóò fi ṣàn tán.